Iná Núkílíà Lé Wa Dé Ellenwood

Kàlẹ́ńdà ni wọ́n fi kí mi káàbọ̀ sí New Bethel, ìlú kékeré kan ní Georgia, ní Amẹ́ríkà. Ó dé nínú àpótí lẹ́tà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀. Àwòrán òdòdó wà lára rẹ̀, àti ti ẹja, àti ti àwọn ọmọdé tí ń rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé ṣọ́ọ̀ṣì kan ló ń pín in. Mo gbé e kọ́ sí ilé ìdáná. Oṣù kejì ni mo tó ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: ọ̀nà tí kálukú máa gbà sá, àti ibi tí a máa sá lọ, bí ilé iṣẹ́ núkílíà tó ń pèsè iná mànàmáná lẹ́yìn igbó bá bàjẹ́.

Mo mú un tọ Miss Earline lọ. Miss Earline ni ìyá àgbà tí wọ́n gbà mí pé kí n máa tọ́jú. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó dúdú bí èmi, orúnkún ń dùn ún, etí rẹ̀ sì máa ń gbọ́ ohun tó bá wù ú. Inú ilé tí wọ́n bí i sí náà ló ṣì ń gbé.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tó lè pa wá wà lẹ́yìn igbó yìí?" ni mo bi í.

"Kàlẹ́ńdà wọn máa ń dára," ló fi dá mi lóhùn. "Ti ọdún tó kọjá, ẹyẹ ni wọ́n yà síbẹ̀."

Ní Ọjọ́rú kan báyìí, mò ń se ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tí fèrè kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti orí òpó gíga lẹ́bàá títì. Ó ké débi pé àwọn àwo ń gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo sáré jáde tòun ti ìkòkò lọ́wọ́. Aládùúgbò wa ń gé koríko rẹ̀ lọ ní tirẹ̀, kò gbójú sókè. Nígbà tí mo sáré padà wọlé láti wá gbé Miss Earline, ó wo ìkòkò, ó wò mí. "Gbé ìrẹsì wa padà sórí iná, ọmọ mi," ló wí. "Ọjọ́rú ni." Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n máa ń dán fèrè ìkìlọ̀ náà wò. Ní ibi tí mo bá ara mi yìí, ìkìlọ̀ ikú ni àwọn èèyàn fi ń mọ ìgbà tí oṣù bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe New Bethel ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo kúrò ní Ìkìrun. Ilé Aunty Bísí ní Ellenwood, lẹ́bàá Atlanta, ni mo kọ́kọ́ dé sí. Àbúrò màámi ni Aunty. Àwọn ilé àdúgbò rẹ̀ jọra tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lọ tẹ aago ẹnu ọ̀nà ilé onílé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan náà. Ó ń ṣe daycare nísàlẹ̀ ilé rẹ̀, ó ń tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké tí òbí wọn ti lọ síṣẹ́. Ọkọ rẹ̀, Uncle Fẹ́mi, ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Duluth. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò tó bá ti pẹ́ jù nílé máa ń mọ̀ ọ́n nínú bí wọ́n ṣe ń gbé àwo sílẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ń fi olùtọ́jú ránṣẹ́ sí àwọn arúgbó ní kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ sí New Bethel, mo ní èmi máa lọ.

Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ló kọ́kọ́ bá mi jà. Ìrìn wákàtí mẹ́ta ló wà láàrin èmi àti ẹni tó lè pe orúkọ mi bó ṣe yẹ. Miss Earline gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta, ó wá ní òun á máa pè mí ní ọmọ òun, nítorí pé ìyẹn kò lè ṣì òun lẹ́nu.

Nígbà tó yá, ìjì ńlá kan jà fún ọjọ́ kan ààbọ̀. Ó wó igi, ó ká òrùlé, ó kó odò wá sí ojú títì, iná sì lọ ní gbogbo ìlú. Lọ́jọ́ kejì tó rọlẹ̀, fèrè ké. Èmi àti Miss Earline wo ara wa.

"Ọjọ́ wo lòní?" ló bi mí.

"Ọjọ́ Ẹtì ni, ma."

Ó di ọwọ́ àga mú, ó dìde. "Lọ bá mi kó àwọn àkẹtẹ̀ mi wá."

Rédíò ní omi ti wọ ilé iṣẹ́ núkílíà náà, ẹ̀rọ tó ń mú un tutù ti dúró, atẹ́gùn tí kò dára sì ti jáde níbẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní díẹ̀ ni, kí a má ṣe fòyà, kí a sì kúrò níbẹ̀ kíákíá. Miss Earline kó àkẹtẹ̀ mẹ́fà tó máa ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú páálí tirẹ̀. Èmi mú fáìlì ìwé ẹ̀rí mi àti gàrí tí màámi fi ránṣẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń yẹ gbogbo wa wò jẹ́ gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ìwé kan. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ ń gbé ẹ̀rọ kan kọjá lára èèyàn. Ó yẹ̀ mí wò tán, ó wá bi mí léèrè ohun tó wà nínú ọ̀rá ọwọ́ mi. Mo ní oúnjẹ ni. Ó ní irú oúnjẹ wo. Mo ní a máa ń bu omi tútù sí i, a ó sì mu ún. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ pe ọ̀gá mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé ẹ̀rọ yẹn kọjá lórí gàrí kí wọ́n tó lẹ ìwé kékeré aláwọ̀ ewé mọ́ ọn lára pé ó mọ́. Wọ́n so irú rẹ̀ mọ́ èmi àti Miss Earline lọ́rùn ọwọ́. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti gbà ní Amẹ́ríkà, òun nìkan ni mi ò dúró dè fún oṣù mẹ́fà.

Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ mi ti pè mí. Obìnrin tó ń bójú tó wa níbi iṣẹ́ sọ pé inú ilé Miss Earline ni wọ́n gbà mí pé kí n ti máa ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti ti ilé náà pa, nítorí náà iṣẹ́ ti parí. Ó ní kí n fa ìyá náà lé àwọn tó ń kó arúgbó lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní Marietta lọ́wọ́.

Mo wo Miss Earline. Ó jókòó lórí àga oníke, àkẹtẹ̀ kan wà lórí rẹ̀, márùn-ún yòókù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ká ọwọ́ sórí itan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èmi náà ṣe jókòó ní pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ tí mo dé, tí ọkọ̀ Uncle pẹ́. Mo ṣàlàyé Marietta fún un.

"Ṣé wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀?" ló bi mí.

"Rárá, ma. Ṣùgbọ́n èmi ní aunty kan."

Mo pe Aunty Bísí pé a ń bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣílẹ̀kùn fún wa. Bó ṣe rí arúgbó, ó kúnlẹ̀ kí i, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà kó tó rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Kò lè dìde lójijì, ìyẹn á jọ ìwọ̀sí, ó wá fi orúnkún rọra sún sẹ́yìn títí ó fi wọ pálọ̀ padà. Miss Earline rò pé bí a ṣe ń kí èèyàn nílẹ̀ wa nìyẹn. Ó ní ó wu òun, àmọ́ orúnkún òun kò lè ṣe é.

Aunty ti pọn omi iyọ̀ sílẹ̀ fún wa nínú gáráàjì. A fi wẹ̀. Mi ò bá a jiyàn. Ẹni tó bá gbà ọ́ sílé lè ní kí o fi ohun tó bá wù ú wẹ̀.

Ìròyìn ti dé Ìkìrun kí n tó rójú pe ilé. Wọ́n ti sọ fún màámi pé bọ́ǹbù ló bú ní ìlú tí mo wà.

"Ṣé o ti mu epo?" ló kọ́kọ́ bi mí.

"Epo wo, Màámi?"

"Epo pupa. Májèlé ni nǹkan yẹn. Mu ún, kí o sì fún ìyá tí ẹ jọ wà níbẹ̀."

Mo ní wọ́n ti yẹ̀ wá wò, ara wa mọ́. Kò gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti sọ fún un pé ẹni tí rédíéṣọ̀n bá wọ̀ lára máa ń tàn nínú òkùnkùn bí iná. Ó ní kí n wọ ibi tó ṣókùnkùn, kí òun fi ojú ara òun wò mí lórí fídíò. Ọ̀sán gangan ni, nítorí náà mo wọ ibi tí Aunty ń kó aṣọ sí, mo ti ilẹ̀kùn, mo dúró láàrin àwọn kóòtù, mo gbé fóònù sókè.

"Mi ò rí nǹkan kan," ni Màámi wí.

"Ara mi dá nìyẹn, ma."

"Àbí nẹ́tíwọ̀kì ni."

A wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, òun ń wo òkùnkùn, èmi ń wo ojú rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti rí i lójúkojú gbẹ̀yìn. Irun ẹ̀bá etí rẹ̀ ti funfun, kò sì sọ fún mi. Mi ò fẹ́ jáde nínú àwọn kóòtù yẹn bọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo jáde, Miss Earline ń dúró létí ibùsùn. Ó bi mí ohun tí ìyá mi wí. Mo ní ó ní kí a mu epo pupa, mo sì bu díẹ̀ wá fún un nínú ṣíbí. Kò bi mí ní ìdí rẹ̀, ó kàn na ọwọ́ gba ṣíbí. Ó ní epo lárà ni ìyá tòun máa ń fún wọn, fún ohun gbogbo.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, a bá Aunty lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ wa ti dé orí WhatsApp ìjọ. Àwọn usher fi wá jókòó sí ìlà tó gbẹ̀yìn, wọ́n sì kó ìlà àga tó wà níwájú wa kúrò. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, orí bíi mẹ́wàá yí wẹ́ẹ́. Miss Earline kò fura. Àkẹtẹ̀ aláwọ̀ osùn ló dé, ó sì ní inú òun dùn pé wọ́n fún òun ní àyè láti na ẹsẹ̀.

Ìyá kan, Mama Adúkẹ́, pẹ́ dé. Ojú rẹ̀ kò gbé kíkà lórí fóònù mọ́, nítorí náà kò mọ nǹkan kan. Ó rí àkẹtẹ̀ náà láti ẹnu ọ̀nà, ó wá jókòó tì í.

"Ẹ kú ìjókòó, ma," ló wí.

"Dáadáa ni, ọmọ mi," ni Miss Earline fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ìlú rẹ̀ dáhùn.

Mama Adúkẹ́ gbọ́ pé wọ́n pe òun lọ́mọ, ó gbà pé àgbà òun nìyí, ó tún jókòó dáadáa. Lẹ́yìn ìsìn, ó bi í ní ìlú tó ti wá, mo sì túmọ̀ rẹ̀.

"New Bethel," ni Miss Earline wí.

"Bẹ́tẹ́lì?" Mama Adúkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi l'Ábẹ́òkúta nìyẹn."

"Sọ fún un pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe tèmi náà."

Wọn kò fi ọwọ́ ara wọn sílẹ̀ títí a fi dé ìdí ọkọ̀. Gbogbo ìjọ ń wò wọ́n. Mo rò pé ìyẹn ti tó láti tán ọ̀rọ̀ náà.

Kò tán an. Ọmọ mẹ́fà ni Aunty ń tọ́jú. Lọ́jọ́ Ajé, méjì ló wá. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọn kọ̀wé sí Aunty pé ọmọ òun sín lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí ọmọ kankan. Aunty pè mí sísàlẹ̀. Àga ọmọ ọdún mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àwa méjèèjì sì jókòó sórí rẹ̀, orúnkún wa ń kan àyà.

"Mi ò lé ọ," ló wí. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ọ́. Ṣùgbọ́n màmá yìí, kì í ṣe èèyàn wa. Ilé ìtọ́jú wà fún un ní Marietta. They have nurses."

"Ta ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀, Aunty?"

"Ta ló mọ èmi nígbà tí mo dé ibí?"

"Kò sẹ́nì kan, ma. Ẹ sì ti sọ fún mi bó ṣe rí."

Ó ti sọ fún mi nítòótọ́. Kérésìmesì àkọ́kọ́ tó ṣe ní Atlanta, inú bọ́ọ̀sì ló wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò lọ síbì kankan, ó kàn fẹ́ wà níbi tí èrò wà. Ó gbójú sílẹ̀, ó ń wo àwọn bàtà kéékèèké tí ọmọ kan gbàgbé.

"Bó bá lọ, màá bá a lọ," ni mo wí. "Ẹ má bínú, ma."

Ó mí kanlẹ̀. "Uncle rẹ ti ra machine kan tó ń wọn nǹkan yẹn. Bí machine bá ní ẹ mọ́, màá ya fídíò rẹ̀, màá fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí wọn. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí."

Ẹ̀rọ Uncle kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Gbogbo wa pé sí ilé ìdáná nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Aunty gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò. Uncle kọ́kọ́ na ẹ̀rọ náà jáde lójú fèrèsé, ó ń dún díẹ̀díẹ̀: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó gbé e sí mi lára, bákan náà. Ó gbé e sí Miss Earline lára, bákan náà. Ó yẹ àkẹtẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò, ó yẹ gàrí wò. Bákan náà ni. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Uncle wá gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lórí kántà kó lè nu awò ojú rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ìgbà tí gúgúrú bá ń ta nínú ìkòkò.

Uncle gbé e kúrò níbẹ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó gbé e padà, gúgúrú tún bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.

Òkúta gírànáìtì pupa ni kántà yẹn, láti ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta ní Georgia níbí. Òun ni Aunty máa ń fi han àlejò kó tó fi àga lọ̀ wọ́n. Ó fi fóònù sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ọdún mẹ́jọ," ló wí. "Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń gé búrẹ́dì ọmọ ọlọ́mọ lórí rẹ̀."

Miss Earline ní kí n ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé òkúta náà bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo ibà ọmọdé.

"Bàbá mi la òkúta yìí títí ó fi darúgbó," ló wí. "Orí rẹ̀ la kọ́ ilé wa lé. Ó ní ooru tirẹ̀ díẹ̀ láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti dá a, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Jíjábọ́ látorí àkàsọ̀ ló pa bàbá mi." Ó wá wo Aunty nílẹ̀. "Dìde, ọmọ mi. A ò ní gbé ọ lọ sí Marietta."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ohùn wa dé òkè nígbà tá a jókòó sórí àga ọmọdé. Aunty náà mọ̀ ọ́n. Ó bo ojú rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń rín, tòun ti omijé.

Lọ́jọ́ Sátidé, Uncle gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ kí àwọn òbí tó kó ọmọ wọn kúrò. Ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni. Ó bá gírànáìtì ní ilé márùn-ún nínú mẹ́fà. Ní ilé tó kẹ́yìn, bàbá ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ márùn-ún padà. Ẹni kẹfà kò wá, òbí rẹ̀ ń tún ilé ìdáná wọn kọ́.

Láti ìgbà yẹn ni èmi àti Miss Earline ti pààrọ̀ ipò. Èmi ni mò ń fi ìlú han onílùú. Kò yé e pé èèyàn lè kọjá lára èèyàn láìkí i. Ó ṣi ilé mọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì jókòó jẹ ìpápánu ní ọ̀kan nínú wọn kó tó mọ̀. Ojú títì ńlá ń dẹ́rù bà á. Oúnjẹ Aunty ta á lẹ́nu. Gbogbo ohun tí mo ti rò pé àléébù tèmi ni, nítorí pé mo wá láti Ìkìrun, mo rí i lára ẹni tí wọ́n bí sí Georgia, tí bàbá àgbà rẹ̀ kú sí Georgia. Ó tù mí nínú, ojú sì tì mí pé ó tù mí nínú.

Bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, á pe fóònù ilé ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbé e. Á kàn tẹ́tí sí i. "Ó ń dún," á wí, á sì gbé e sílẹ̀. Mo mọ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Mo ti pe Màámi rí láìní nǹkan kan láti sọ.

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan gbé e. Miss Earline jókòó ṣánṣán. Ọkùnrin tó ń yẹ àwọn ilé wò ni, ó gbọ́ tí fóònù ń dún, kò sì fẹ́ jẹ́ aláìmọ̀wàáhù.

"Ta nìyẹn?" ni òun náà bèèrè.

"Onílé ni," ni Miss Earline wí. "Ṣé o nu ẹsẹ̀ rẹ?"

Ọkùnrin náà ní aṣọ tí òun wọ̀ bo ẹsẹ̀ òun. Miss Earline ní kó nù ún síbẹ̀síbẹ̀. Mo gbọ́ tó ń fi bàtà gbo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá sọ fún un pé igi ọ̀pọ̀tọ́ ti wó lu ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, ṣùgbọ́n òrùlé kò jò. Miss Earline dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó pẹ́ lẹ́yìn náà, ó ń fi ọwọ́ pa apá àga.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni lẹ́tà dé pé a lè padà, kí a má kàn jẹ ohun tó bá hù ní àgbàlá. Ilé iṣẹ́ mi pè pé ilé ti ṣí, nítorí náà iṣẹ́ ti ṣí. Aunty di oúnjẹ kún ọkọ̀. Kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbá Miss Earline mọ́ra, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀.

Nígbà tí a dé New Bethel, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ẹ̀rọ ha òkè ilẹ̀ àgbàlá rẹ̀, wọ́n ń kó erùpẹ̀ sínú àpò funfun ńláńlá, wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Miss Earline dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

"Ibo lẹ ń gbé e lọ?" ló bi ọ̀gá wọn.

"Ìpínlẹ̀ mìíràn ni, ma. Ó jìnnà díẹ̀."

"Kò kúrò níbí rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Ẹ rọra gbé e."

Ọkùnrin náà ṣèlérí pé àwọn á rọra. Ó wá mú fọ́ọ̀mù kan jáde tí onílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ó bèèrè ẹni tí wọ́n jọ kúrò nílùú, ó sì gbójú sókè wò mí.

"Ṣé ọmọ yín ni, ma? Àbí òṣìṣẹ́ yín?"

Mo la ẹnu láti dáhùn, ṣùgbọ́n Miss Earline ti ṣáájú mi.

"A jọ lọ sí òkè òkun ni," ló wí.

Ọkùnrin náà wo fọ́ọ̀mù rẹ̀ sókè sódò. "Òkè òkun ibo, ma?"

"Ellenwood," ni Miss Earline wí, ó sì pè é fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kó má baà ṣì í kọ.